Ẹ Má Gé Sọ́kẹ́ẹ̀tì: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Rédíò Mọ́tò àti Wáyà Ẹ̀yìn Rẹ̀

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń so rédíò tuntun mọ́ mọ́tò. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní, "Ṣé ìyẹn náà di ohun tí wọ́n ń pe èèyàn wá sọ ní gbangba?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí apá kankan nínú iná mọ́tò tí gbogbo ayé gbà pé ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn bíi rédíò. Ẹni tí ò lè jẹ́ kí àjèjì yọ́jú wo ẹ́ńjìnnì òun yóò ní kí ọmọ àbúrò òun wá bá òun "so tépù" lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Ajé tó bá jí, mọ́tò ò ní ta mọ́, bátìrì ni yóò sì kọ́kọ́ bú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá, màá sì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń kánjú lè máa bá tirẹ̀ lọ: rédíò kì í ba mọ́tò jẹ́, wáyà tí a gé ló ń bà á jẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ má gé e. Gbogbo ohun tí mo bá tún sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé ìdí ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a wà ná. Ilé iṣẹ́ rédíò Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Àgídíngbì níbí, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn débẹ̀. Radio Lagos wà lórí 107.5, Eko FM wà lórí 89.75. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa mọ ìgbà tó jẹ́ rédíò ìjọba nìkan lèèyàn lè tẹ̀ nínú mọ́tò. Òfin tó dá NBC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò, sílẹ̀ ní 1992 ló ṣí ilẹ̀kùn fún aládàáni, Ray Power 100.5 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ rédíò ti ń pọ̀ sí i ní Èkó títí tí àyè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí FM. Nígbà tó di 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá Lagos Traffic Radio 96.1 sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó máa sọ fún awakọ̀ ibi tí ọ̀nà ti dí àti ibi tó ti là. Ẹ ò rí i pé rédíò mọ́tò ti kúrò ní ohun ìgbafẹ́ lásán. Ẹni tó ń ti Aláúsá lọ sí Erékùṣù láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí kò ní rédíò tó dáa, ojú lásán ló fi ń wá ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1930, ní Chicago, Paul Galvin àti àbúrò rẹ̀ Joseph gbé rédíò kan jáde tí èèyàn lè rà lọ́tọ̀ kó sì so ó mọ́ mọ́tò rẹ̀. Motorola ni wọ́n pè é, orúkọ yẹn ló sì padà di orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Owó rẹ̀ lé ní 100 dọ́là, owó ńlá ni nígbà yẹn. Ní 1932, Blaupunkt ṣe tirẹ̀ ní Jámánì. Wàhálà tó bá wọn fínra jù ni pé pọ́lọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ń ta iná, iná yẹn sì ń pariwo wọnú rédíò. Tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná mọ́tò yín lónìí, tí sípíkà ń ké fíìì, tó sì ń ké sókè sí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré, ìran kan náà ni ariwo yẹn àti ti 1930. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé nìkan ló yí padà. Màá padà síbẹ̀.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí rọrùn fún wa ni pé àwọn ará Jámánì fi òǹtẹ̀ lu ìwọ̀n ihò rédíò: mìlímítà 180 ní ìbú, 50 ní gíga. Gbogbo ayé gbà á, DIN la ń pè é. Àwọn ará Japan fi ìlọ́po méjì gíga náà sí i, ó di 180 sí 100, èyí tí a mọ̀ sí double DIN. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí, torí ó kan ẹni tó bá ń wa Toyota. Ihò tó wà nínú ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla kì í ṣe 180, 200 ni. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá ti rédíò tuntun bọ̀ ọ́, àlàfo mìlímítà 10 yóò ṣẹ́kù lápá ọ̀tún, 10 lápá òsì. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà tí wọ́n ṣe fún un, kò wọ́n. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi fóòmù dí, mo ti rí èyí tí wọ́n fi páálí bébà dí tí wọ́n wá kun ún ní dúdú. Ẹni tó fi páálí dí iwájú, ẹ má bèèrè ohun tó fi dí ẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká lọ. Ẹ mú Camry tí a ń pè ní Big Daddy, èyí tó jáde láàárín 2002 sí 2006, èyí tí kò ní ẹ̀rọ ohùn JBL. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ tú ojú dáṣíbọọ̀dù, ẹ má fi skrúdíráfà tú u, torí ike tó ti jẹ oòrùn Èkó fún ọdún mẹ́wàá máa ń kán bí gúgúrú. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di rédíò mú, sípánà 10 ló ń tú u. Ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó ti rí wáyà eríàlì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan olójú mẹ́wàá, èkejì olójú mẹ́fà. Olójú mẹ́wàá ló gbé iná àti sípíkà iwájú, olójú mẹ́fà ló gbé sípíkà ẹ̀yìn. Nínú olójú mẹ́wàá yẹn, wáyà búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ló gbé iná tí kì í kú, èyí tó ń ti bátìrì wá. Wáyà aláwọ̀ eérú ló gbé iná tó ń dé tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Bíráùn ni ẹ́ẹ̀tì, èyí tó lọ sára irin mọ́tò.

Ẹ wá gbé rédíò tuntun, ẹ wo wáyà tirẹ̀ náà. Pioneer ni o, Kenwood ni o, ti China tí kò lórúkọ ni o, àwọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Yẹ́lò ni iná tí kì í kú. Pupa ni ti kọ́kọ́rọ́. Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì. Búlúù ń gbé eríàlì sókè, búlúù tó ní ìlà funfun ń jí ańpìlífáyà. Aláwọ̀ ọsàn ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú rédíò kù tí a bá tan iná alẹ́. Sípíkà wá ní méjì-méjì: funfun fún iwájú lápá òsì, àwọ̀ eérú fún iwájú lápá ọ̀tún, àwọ̀ ewé fún ẹ̀yìn lápá òsì, elése àlùkò fún ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ìkejì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà dúdú lára.

Ṣé ẹ ti rí ohun tí mo rí? Eérú méjì wà níbẹ̀. Eérú ti Toyota gbé fólítì 12 tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Eérú ti rédíò tuntun jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde lọ sí sípíkà ọ̀tún iwájú. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ pé "àwọ̀ ni kí o máa wò, so àwọ̀ mọ́ àwọ̀" yóò gé sọ́kẹ́ẹ̀tì dànù, yóò bó ẹnu wáyà, yóò sì lọ́ eérú mọ́ eérú tayọ̀tayọ̀. Bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná bátìrì yóò ya wọ ibi tó yẹ kí ohùn ti máa jáde. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn jáde nínú rédíò náà lè kú kí orin kankan tó dún. Oníbàárà yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun ní ọjà Alábà. Ọ̀gá náà yóò gbà bẹ́ẹ̀. Rédíò ò ṣẹ̀, Alábà ò sì ṣẹ̀.

Adáptà wà fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹnu rẹ̀ kan wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì Toyota bó ṣe wà, ẹnu kejì jẹ́ wáyà aláwọ̀ ti rédíò tuntun. Ẹ óò so yẹ́lò mọ́ yẹ́lò, pupa mọ́ pupa, lórí tábìlì, pẹ̀lú sóńdà àti rọ́bà tó ń súnkì, láìfi orí bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Wọ́n ń tà á ní ọjà Ládìpọ̀, wọ́n ń tà á ní Alábà, fún Toyota, fún Honda, fún Nissan, fún Volkswagen. Owó rẹ̀ ò tó owó bátìrì kan rárá. Tí ẹ bá fẹ́ ta mọ́tò lọ́la, ẹ óò yọ rédíò yín, ẹ óò dá ti àtijọ́ padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ́ tiwa nìkan. Mọ́tò tòkunbọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can lónìí, ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ni yóò wà á kó tó di ti onítákísí. Ẹni àkọ́kọ́ gé sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi rédíò tirẹ̀ sí i. Nígbà tó tà á, ó yọ rédíò rẹ̀ lọ. Ẹni kejì bá wáyà lásán, ó tún gé e sẹ́yìn ní ínṣì kan kó lè rí bàbà tó mọ́. Ẹni kẹta gé e. Nígbà tó bá dé ọwọ́ ẹni kẹrin, wáyà náà ò lè yọrí síta mọ́, inú òkùnkùn lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù ni rìwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, ti ń fi ìka wá a. Ibẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀ pé kí ọkùnrin onílàákàyè sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kúkú fa iná tuntun láti bátìrì."

Iná tuntun yẹn ni ìyà kejì. Ó rí iná kan ṣoṣo, rédíò sì ń bèèrè méjì, yẹ́lò àti pupa. Ó lọ́ àwọn méjèèjì pọ̀. Rédíò dún! Oníbàárà tún dúpẹ́, torí ó ti lè gbọ́ orin Wasiu Ayinde láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ wá bá mi ṣírò. Rédíò tó sùn bó ṣe yẹ, tí yẹ́lò nìkan ń fi iná díẹ̀ tọ́jú àwọn ibi tí ẹ tẹ̀ pamọ́ sórí rẹ̀, ohun tó ń fà ò ju mílíámpù díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí pupa rẹ̀ ń gba iná tọ̀sán tòru, pàápàá àwọn olójú ńlá ti Android, kì í sùn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdajì ámpù ló ń fà. Ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ láago méje alẹ́ ọjọ́ Jímọ́, ẹ padà dé ìdí rẹ̀ láago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ajé: wákàtí 60 nìyẹn, ó ti mu ámpù-wákàtí 30. Bátìrì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 60. Ìdajì ti lọ, bátìrì tòkunbọ̀ kì í sì í ní odidi tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ ra bátìrì tuntun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ tún padà síbẹ̀. Mo mọ ẹni tó pààrọ̀ bátìrì, pààrọ̀ ọlitanétọ̀, kó tó wá kan wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ lẹ́yìn rédíò.

Ẹni tó bá ní mítà lè mọ̀ kó tó náwó. Ẹ pa mọ́tò, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ dúró títí gbogbo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ yóò fi sùn, kí ẹ wá fi mítà sáàárín bátìrì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá lé ní mílíámpù 50, nǹkan kan ń jí iná mu. Ẹ yọ fíùsì rédíò. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ ti mú olè náà.

Fíùsì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa, torí mo rò pé òun ni a ṣì lóye jù nínú gbogbo iṣẹ́ wa. Fíùsì kì í dáàbò bo rédíò. Wáyà ló ń dáàbò bò. Tí wáyà bá lè gbé ámpù 15 láìgbóná, tí ibì kan bá wá bó tó fara kan irin mọ́tò, bátìrì lè ti ọgọ́rùn-ún ámpù gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíùsì ni yóò já kí wáyà má baà pọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá ń fa wáyà ańpìlífáyà láti bátìrì, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni fíùsì ń wà, kò gbọdọ̀ jìnnà ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Èyí tí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ańpìlífáyà nínú búùtù, kò ṣọ́ ohunkóhun. Gbogbo gígùn wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá ni iná wà nínú rẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá sì yọ fíùsì 10 tó jó, tó fi 30 rọ́pò rẹ̀, tàbí tó fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e, ó ti sọ wáyà di fíùsì. Wáyà ni yóò jó, kápẹ́ẹ̀tì ni yóò bá a jó.

Téèpù dúdú náà ní tirẹ̀. Mọ́tò tí a gbé sínú oòrùn ní CBD Aláúsá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, inú dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ gbóná débi pé gọ́ọ̀mù téèpù máa ń yọ́, téèpù á tú, wáyà méjì tó wà ní ìhòòhò á sì máa fara kan ara wọn bí mọ́tò ṣe ń bọ́ sínú kòtò. Ẹ lo sóńdà àti rọ́bà tó ń súnkì, tàbí ẹ lo kírímpù tó dáa. Lílọ́ àti téèpù kì í ṣe iṣẹ́.

Nínú rédíò òde òní, wáyà sípíkà tó ní ìlà dúdú kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà tó kọ́ṣẹ́ lórí rédíò ìgbà Volkswagen àti Peugeot 504 gbọ́ èyí dáadáa, torí nígbà yẹn èèyàn lè so apá kan gbogbo sípíkà mọ́ ara irin. Ti ìsinsìnyí, ẹ̀rọ méjì ló ń ti sípíkà kan láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà. Tí ẹ bá so ọ̀kan mọ́ irin mọ́tò, ẹ ti pa á.

Ibẹ̀ náà ni irọ́ tó wà lára páálí rédíò ti wá. Wọ́n kọ "50W × 4" síbẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná mọ́tò jẹ́ nǹkan bí fólítì 14.4. Sípíkà jẹ́ 4 óòmù. Ẹ fi 14.4 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 207. Ẹ pín in sí ọ̀nà 8, torí ìlọ́po méjì 4 ni ìṣirò náà ń bèèrè fún ohùn tó dán: ó ku díẹ̀ kó pé 26. Ibẹ̀ ni òkè àjà wà. Kò sí idán tí rédíò tó ń jẹ iná bátìrì lásán lè pa kó kọjá ibẹ̀ kí ohùn sì ṣì mọ́. 15 sí 22 ni èyí tó dáa nínú wọn ń fúnni ní tòótọ́. 50 yẹn wáyé nígbà tí ohùn ti fọ́ pátápátá. Tí ẹ ò bá gba tèmi, ẹ yí rédíò padà kí ẹ ka fíùsì ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ 10, 10 lọ́nà 14.4 jẹ́ 144. Ibo ni 200 ti fẹ́ gbà wọlé? Ẹni tó bá fẹ́ ariwo tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra ańpìlífáyà, kó sì ra wáyà tó jẹ́ bàbà gidi. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí igbá jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á, bó bá funfun nínú, ẹ dá a padà.

Mo ṣèlérí láti padà sórí ariwo fíìì. Ó máa ń wá nígbà tí ẹ́ẹ̀tì rédíò àti ẹ́ẹ̀tì ańpìlífáyà wà níbi tí ò dọ́gba, tàbí tí wáyà ohùn àti wáyà iná bá jọ gba ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí iná gba òsì, kí ohùn gba ọ̀tún. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí ẹ fẹ́ so ẹ́ẹ̀tì mọ́ títí irin yóò fi dán. Ó tán.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti eríàlì àti ibi tí mọ́tò ti wá. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà máa ń fi ìgbésẹ̀ 0.2 tẹ̀lé ara wọn, òǹkà tí kò ṣeé pín sí méjì ló sì máa ń wà ní ìdí: 87.9, 88.1, 88.3. Báyìí náà ni rédíò mọ́tò tó ti ọ̀hún wá ṣe ń rìn. Oríire wa ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Èkó bọ́ sórí irú òǹkà yẹn: 96.1, 100.5, 107.5. Ṣùgbọ́n Eko FM tó wà ní 89.75, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, bọ́ sáàárín. Rédíò Amẹ́ríkà yóò dúró sí 89.7. Ó máa ń gbé e, àmọ́ kì í dán tó bó ṣe yẹ, ẹni tí kò mọ̀ á sì lọ pààrọ̀ eríàlì. Ọ̀pọ̀ rédíò tuntun ní ibi tí a ti lè yàn án nínú rẹ̀: Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù. Ẹ yan Yúróòpù, ìgbésẹ̀ rẹ̀ á kéré sí i, AM náà á sì bọ́ sípò, torí 9 la ń lò lọ́dọ̀ wa, tiwọn jẹ́ 10.

Ti Japan le ju ìyẹn lọ. Láti 76 títí dé 90 ni FM wọn àtijọ́. A kì í gba mọ́tò wọn tí sítía rẹ̀ wà lápá ọ̀tún láàyè ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n rédíò tí wọ́n tú lára rẹ̀ ń bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé, ó máa ń dán, ó sì máa ń pọ́ọ́kú. Ray Power ò sí lórí rẹ̀, Radio Lagos ò sí lórí rẹ̀. Wọn a ní ẹ ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fa ìgbì wálẹ̀. Ìbú ibi tí rédíò náà lè gbọ́ jẹ́ 14, tiwa láti 88 dé 108 jẹ́ 20. Báwo ni 20 ṣe fẹ́ wọnú 14? Ẹ máa pàdánù apá kan ni. Ẹ má rà á.

Honda Accord tí a ń pè ní End of Discussion, ìyẹn ti 2003, ẹ kíyè sí i. Rédíò rẹ̀ àti bọ́tìnnì AC ni wọ́n ṣe pọ̀ sójú kan. Ẹni tó bá fà á tu láìní ojú àfirọ́pò tó gbé bọ́tìnnì AC, ooru ló fi rédíò rà. Kí ẹ tó tú bátìrì Honda kankan pẹ̀lú, ẹ bèèrè kóòdù rédíò lọ́wọ́ ẹni tó ni mọ́tò, torí bí iná bá kúrò lára rẹ̀, kóòdù ni yóò máa bèèrè.

Nínú àwọn Volkswagen tuntun àti ọ̀pọ̀ mọ́tò Yúróòpù, ẹ lè wá iná kọ́kọ́rọ́ títí kí ẹ má rí i, torí kọ̀ǹpútà mọ́tò ló ń fi wáyà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ sọ fún rédíò pé "jí" tàbí "sùn". Iṣẹ́ tẹ́sítà oníbọ́ọ̀bù ò sí níbẹ̀. Ẹ má sì ki tẹ́sítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò kankan tí ẹ bá rí lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Ti báàgì afẹ́fẹ́ ni yẹ́lò yẹn, iná kékeré ti tó láti bú u jáde sí yín lójú.

Mo fẹ́ bá àwọn onímọ́tò sọ díẹ̀. Ojú ńlá tí ẹ ń gbé síwájú yìí, wọ́n so wáyà kan mọ́ ọn tó yẹ kó lọ sí búréèkì ọwọ́, kí fíìmù má baà máa ṣiṣẹ́ tí mọ́tò bá ń rìn. Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ fún rìwáyà pé kó so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè máa wo fíìmù lórí Third Mainland. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ò gbà kí awakọ̀ máa lo fóònù. Mi ò rí bí fíìmù ṣe sàn ju fóònù lọ. Rìwáyà tó bá kọ̀ fún yín, ẹ san owó rẹ̀ pé, ó fẹ́ràn yín.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba wà ní Àgídíngbì, ìrìn kékeré sí ibi tí a wà yìí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ iná mọ́tò níbẹ̀ àti àwọn tó ń kọ́ ọ lábẹ́ igi ní Ọ̀gbà, ìwé àwòrán wáyà kan náà ló yẹ kí wọ́n máa kà. Àwòrán náà ò ṣòro rí: orúkọ mọ́tò, ọdún rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, iṣẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó lè fi fóònù wá bọ́ọ̀lù wò lè fi wá a. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀gá rìwáyà ni pé kí ẹ kọ́ wọn láti fi mítà wọn iná kí wọ́n tó gbà pé àwọ̀ kan jẹ́ nǹkan kan, kí ẹ sì ní adáptà Toyota, Honda àti Nissan ní ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní fíùsì. Ẹ fi owó rẹ̀ kún owó iṣẹ́, ẹ má bò ó. Oníbàárà tó bá ní ó wọ́n, ẹ ṣírò owó bátìrì méjì fún un.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ọjọ́ tí ẹ bá tún gbé mọ́tò lọ so rédíò, ẹ dúró tì í. Tí ọ̀gá bá na ẹ̀mú sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kó dúró ná, kó lọ ra adáptà wá. Ẹ gba rédíò àtijọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé e relé.